Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó padà wá lẹ́yìn oògùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ ní ọmọkùnrin yín lo oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní praziquantel, ẹ̀jẹ̀ dá nínú ìtọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tó lọ lo ìsinmi ní abúlé lẹ́bàá dáàmù Ọ̀yán. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra òmíràn fún un ní kẹ́mísì. Ó jọ pé àtọ̀sí ajá náà ló tún kó, ìyẹn àrùn tí aràn inú odò ń fà (schistosomiasis).

Mi ò fẹ́ kí ojú yín rí ohun tí ojú tèmi rí. Etí dáàmù yẹn là ń gbé nígbà tó mú ọmọbìnrin mi. Tó bá fẹ́ tọ̀, á di ògiri mú, á máa sunkún, èyí tó kẹ́yìn nínú ìtọ̀ náà á sì pọ́n bíi zobo. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́kọ́ bá ò béèrè odò tó ń wẹ̀. Ó ní kí n lọ wádìí ọkùnrin tó ń bá a sùn. Ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù! Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń gbowó, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ibòmíràn tí a lọ, ìdájí ni wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin aràn yẹn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀! Inú ṣì ń bí mi. Àkókò yẹn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, kí wọ́n sì gba èyí tó kẹ́yìn nínú ìtọ̀ náà.

Ẹ má dá oògùn rà. Wọ́n ní láti wọn ọmọ náà, torí mílígíráàmù 40 ni fún kílò kan. Kó jẹun kó tó lò ó. Aràn tó ti dàgbà ló ń pa. Kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè yè é, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Albendazole tí wọ́n ń pín níléèwé ò ràn án rárá, aràn inú ìfun nìyẹn wà fún.

Awọ ara ni aràn àtọ̀sí ajá ń gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tó ń se omi mu, tó sì ń dúró sínú odò fọṣọ, lè kó o. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù yẹn, omi rẹ̀ ń lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó, àwọn ará Ìbarò tó wà létí ibẹ̀ sì ń ti ẹsẹ̀ bọ adágún tí ìgbín kéékèèké tó ń gbé aràn náà kún inú koríko rẹ̀. Ìjọba á kó oògùn wá, wọn ò ní gbẹ́ kànga. Tí ọmọ bá gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pọn omi ìwẹ̀ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n dé e, kí omi náà sùn fún ọjọ́ 2 kí ọmọ tó fi wẹ̀.