Búráúsà wo ni kí n fi máa wọ ìkànnì báńkì mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Opera Mini ni mo fi ń wọ ìkànnì báńkì mi torí kì í jẹ dátà. Àbúrò mi ní kí n yéé lò ó, pé Incognito inú Chrome ló dáa, ẹnikẹ́ni ò ní rí mi níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ìkìlọ̀ àbúrò yín tọ̀nà, ibi tó júwe fún yín ni kò tọ̀nà.

Tí ẹ bá fi Opera Mini sí Extreme, èyí tó ń dín dátà kù jù, fóònù yín kì í bá báńkì sọ̀rọ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Opera ló ń bá yín lọ ṣí ojú ewé náà, tí yóò fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, kó tó fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé bá gbé lẹ́tà fún ọmọ ilé pé kó bá òun kà á, ọmọ náà kò lè kà á láì ṣí i. Mi ò sọ pé Opera ń jí nǹkan yín o. Ṣùgbọ́n àṣírí tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀yin àti báńkì nìkan ti di ti ẹni mẹ́ta. Ẹ máa fi ka ìròyìn, ẹ má fi wọ báńkì.

Ní ti Incognito, ohun tó ń ṣe kò ju pé, tí ẹ bá ti pa á dé, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ kò ní sí nínú fóònù náà. Ó wúlò tí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn lò. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín ṣì lè mọ ìkànnì tí ẹ wọ̀. Ẹ̀sùn pé Google fúnra rẹ̀ ṣì ń kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lo Incognito ló gbé e dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020. Lọ́dún 2024, Google gbà láti pa ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Firefox ni èmi máa mú fún yín. Chrome náà le lọ́wọ́ olè, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ni Google fi ń jẹun, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń wò. Firefox máa ń fi kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan, àmì kékeré tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀, sínú ìkòkò tirẹ̀, kí ó má baà máa tẹ̀lé yín láti ìkànnì kan dé òmíràn. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ ń lò, Safari tó bá a wá ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa àpúdéètì torí dátà. Ihò tí olè ti rí ló ń dí.

Kò sì sí búráúsà tó lè gbà yín tí ẹ bá tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé báńkì ní kí ẹ tún BVN yín ṣe. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tẹ àdírẹ́sì báńkì, kí ẹ sì wò ó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi páásíwọ́ọ̀dù sí i.