Ṣé Bluetooth lè kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń wá iridium tó sọnù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní Ikorodu níbí, a máa ń fi ìtànṣán yẹ ibi tí àwọn wẹ́dà ti jó páìpù pọ̀ wò. Mo gba ọmọ iṣẹ́ tuntun mẹ́fà. Mo fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń wá iridium, irin tó ń tú ìtànṣán náà jáde, tó bá já bọ́ nínú ẹ̀rọ, láì lo iridium gidi. Wọ́n ní Bluetooth lè ṣe é. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, kò sì wọ́n. Ẹ wá ESP32 kan, pátákó ẹ̀rọ kékeré tó ní Bluetooth nínú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣètò ẹ̀ kó máa pe orúkọ ara ẹ̀ láìdákẹ́. Ẹ kó o sínú ike, ẹ fi í pamọ́ sáàárín koríko. Fóònù tó ní áàpù tó ń ka agbára Bluetooth ló di mítà. Ẹ tètè ṣàlàyé pé, nínú nọ́ńbà tí áàpù náà ń fi hàn, -50 lágbára ju -90 lọ, kí wọ́n má baà máa wá a lódì.

Orí pápá gbalasa ni kí ẹ ti ṣe é. Níbẹ̀, bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ yín á ṣẹ́ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó fẹ́ jọ ti iridium. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí irin kún, nọ́ńbà á kàn máa fò sókè sódò ni.

Ibi tó ti ń tanni nìyí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, agolo mílíìkì ni mo kó o sí, mo sì dé e pa. Àwọn ọmọ wá a títí, fóònù ò gbọ́ nǹkan kan. Agolo tín-ínrín yẹn pa Bluetooth lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán iridium á gba inú ẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Òjé tó nípọn tó bíi milimítà 5 ló ń dín in kù sí ìdajì. Ọmọ tó bá fi Bluetooth kọ́ ààbò á lọ sá sẹ́yìn páànù lọ́jọ́ gidi. Ẹ̀kọ́ òjé, ẹ gbé òjé fúnra ẹ̀ síwájú wọn, kí wọ́n gbé e wò bó ṣe wúwo tó (kí wọ́n sì fọwọ́ lẹ́yìn náà).

Ẹ kọ ÌDÁNRAWÒ gàdàgbà sára ike, kí ará àdúgbò má lọ pe ọlọ́pàá. Bí fóònù bá ti mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ gbà á, ẹ fún wọn ní mítà ìtànṣán gidi, nítorí fóònù yẹn ò lè wọn ìtànṣán kankan.

Ẹni tó bá rí ike náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kó sún sẹ́yìn, kó fi okùn yí ibẹ̀ ká, kó pe ọ̀gá tó ń mójú tó ààbò. Èyí tó bá gbé e wá fún yín tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ ní kó tún un ṣe.