Kó o tó ra ẹ̀rọ tó ń wá wúrà, gbọ́ tèmi ná

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Mọ́níyà, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti tọ́jú owó díẹ̀, o fẹ́ ra metal detector tí wàá máa fi wá wúrà lópin ọ̀sẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá kóìlì ńlá, ìyẹn abọ́ róbótó tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbá kọjá lórí ilẹ̀, ni kó o bá a rà tàbí kékeré. O tún ní ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ lápá Akínyẹlé máa ń dán yinrin tí òjò bá ti dá, pé bóyá ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n dá ẹ lóhùn lọ́rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Fara balẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe, Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ní 2021, wọ́n yọ́ wúrà àkọ́kọ́ níbi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, nítòsí Ìperindó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìròyìn yẹn ló kó sí mi lórí. Mo ní bí wúrà bá wà ní Ọ̀ṣun, tí mo lè wọkọ̀ ní Ìwó Road láàárọ̀ kí n débẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí ni mo jókòó tí mò ń fọ káábúrétọ̀ fún? Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé inú òkúta líle ni wúrà Sẹ̀gilọlá wà. Tọ́ọ̀nù òkúta kan, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń lọ òkúta yẹn kúnná kí wọ́n tó rí i. Wúrà gíráàmù mẹ́rin ò ju kóró ẹ̀wà kan lọ. Wá tú u ká sínú òkúta tó kún ọkọ̀ kan, kó o wá gbé detector lé e. Kí ló fẹ́ gbọ́?

Èyí tí àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ wà létí odò, ní Itagunmodi àti àwọn abúlé agbègbè Iléṣà, òun náà, ẹ̀lọ̀, ìyẹn wúrà tó kúnná bí ìyẹ̀fun, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Igbá àti omi ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á máa yí i, iyanrìn á máa lọ, wúrà á jókòó sísàlẹ̀ nítorí pé ó wúwo. Detector kì í gbọ́ ẹ̀lọ̀. Èyí tó ṣù jọ bíi kóró ìrẹsì lọ sókè ló lè gbọ́, ìyẹn náà tí kò bá jìn púpọ̀.

Mi ò mọ ìkankan nínú ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé ẹ̀rọ wá bá mi nílé. ₦480,000. Ó ní kí ìyàwó mi bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ké bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò, fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lọ: má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òrùka dán ẹ̀rọ wò fún ẹ. Òrùka ṣe róbótó, kò ní ẹnu ibi tó ti já, agbára òòfà tí kóìlì bá rán sínú ilẹ̀ á jẹ́ kí iná máa yí po nínú rẹ̀ ṣáá, ìdí nìyẹn tó fi ń ké tó bẹ́ẹ̀. Ègé wúrà tó wúwo tó òrùka yẹn gan-an ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ké tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ ara mi di kóìlì jẹnẹrétọ̀ láti ọdún gbọọrọ! Ó yẹ kí n mọ̀. Ojú kòkòrò ni kò jẹ́ kí n rò ó.

Bí a ṣe dé abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà nìyẹn, èmi àti ọmọṣẹ́ mi méjì. Baálẹ̀ gbà wá dáadáa, ẹni tó ni oko ní ká máa ṣiṣẹ́, ká ṣáà má fọwọ́ kan kòkó òun. Ọjọ́ mẹ́rin. Yangí ló kún ilẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ irin ló sọ yangí di pupa. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n ń pè ní VLF, kì í fara da yangí, á máa ké lórí òkúta lásán. A ò mọ̀. Gbogbo ibi tó bá ti ké la ń gbẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, òkúta. Ní ọjọ́ kejì, òkúta, ìdérí ìgò ọtí, òkú bátìrì. Ní ọjọ́ kẹta òjò pa wá, ọmọṣẹ́ mi kan sì fi ọkọ́ gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin a rí ohun kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọkàn mi fò sókè, mo ti ń ṣírò iye tí mo máa tà á. Ìdí kátíríìjì ọdẹ ni. Mo jókòó sẹ́bàá ihò yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ihò tí a gbẹ́ lé ní ọgọ́ta, a sì gbọ́dọ̀ dí gbogbo rẹ̀ padà nítorí olóko.

Ibẹ̀ la wà táwọn ọ̀gá kan fi dé lórí ọ̀kadà. Wọ́n ní ìwé dà? Mo ní olóko ló fún wa láyè. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Mi ò ní sọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje ni ẹ̀rọ mi fi wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ̀gá ò sí nílé. Ìgbà kejì, ọ̀gá wà nílé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí. Ìgbà kẹta wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Tí mo bá bi wọ́n pé ibo gan-an ni wọ́n ti ń gbàwé ọ̀hún, oníkálukú á nawọ́ sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Owó ọkọ̀ nìkan, mi ò fẹ́ rántí.

Nígbà tó yá ni mo wá fúnra mi ka òfin. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà. Kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe baálẹ̀, kì í ṣe bàbá rẹ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ lo ni ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mining Cadastre Office ní Abuja ló ń fúnni níwèé. Àwọn tó ń fọwọ́ wà á lè kóra jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n jọ gbàwé, ìyẹn sì dáa ju kó o máa dá rìn lọ. Gba ọ̀rọ̀ olóko o, ṣùgbọ́n má rò pé ó ti tán síbẹ̀.

Ní Ìbàdàn níbí, tún ṣọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ilé bú gbàmù ní Bódìjà ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, tí gómìnà sì sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàwé ló kó àdó olóró síbẹ̀, ará àdúgbò tó bá rí ẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ọkọ́ ò ní bi ẹ léèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó pariwo. O ò ní lẹ́bi tiẹ̀, àwọn náà ò sì lẹ́bi.

Ilẹ̀ bàbá rẹ tó ń dán. Má bínú sí mi: ó jọ pé mica ni. Ó pọ̀ nínú iyanrìn odò wa níbí. Mica fẹ́lẹ́, èékánná á bó o ní ìpele ìpele, omi á sì máa gbé e lọ. Òmíràn tó tún ń tan èèyàn ni pyrite, òkúta kan tó ń dán bíi wúrà. Mú ohun tó ń dán yẹn, fi ha ẹ̀yìn táìlì tí kò dán: wúrà á fa ìlà ofeefee, pyrite á fa dúdú. Fi òòlù lù ú: wúrà á tẹ́ pẹrẹsẹ, pyrite á rún. Ìlú yìí máa ń gbe àjòjì ju onílé lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ pé ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ ni ìṣó àti pánù tó ti dípẹtà. Ohun tí ẹ̀rọ rẹ máa gbọ́ nìyẹn láàárọ̀ dalẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o fi mákíúrì pò ó kí wúrà lè ṣù pọ̀, sá fún un. Tí wọ́n bá yan án lórí iná, èéfín rẹ̀ ló ń pani, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má sì lọ òkúta kankan nínú ilé tí ọmọdé wà. Ní Zamfara ní 2010, òjé ló wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ láàárín ilé, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Ìyá kan lè máa fi ọlọ tó fi ń lọ ata lọ ọ́, kó má mọ nǹkan kan.

Bó o bá ṣì fẹ́ rà á, oríṣi ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní PI ló ń fara da yangí, àmọ́ ó wọ́n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó àti wúrà, gbogbo rẹ̀ lo máa gbẹ́. Àdàmọ̀dì Minelab GPX 5000, ọ̀kan lára ẹ̀rọ PI náà, ti gba ọjà kan, béèrè nọ́ńbà ara ẹ̀rọ kó o fi bi àwọn tó ṣe é kó o tó yọ kọ́bọ̀. Èyí tí mo rà, mo tú u nígbà tí wọ́n dá a padà. Ẹni tó so wáyà inú rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi fún wákàtí kan. Èyí tí wọ́n bá sì ní ó ń gbọ́ wúrà láti kìlómítà kan, ẹ̀tàn ni. Mú ọta ìbọn ọdẹ kékeré kan dání, èyí tó jẹ́ òjé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, bò ó mọ́lẹ̀ nínú yangí, kó o ní kí ọlọ́jà wá a níwájú rẹ. Ìrìn rẹ̀ rọrùn, gbá a bí ẹní gbálẹ̀, má gbé e kúrò nílẹ̀, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n.

Kóìlì tó o bèèrè, kékeré.