Bọ́ọ̀sì inú odò Ọ̀pa àti bàálù Hawaii: ẹ má tíì pe kéréènì

Àbúrò mi láti Ilé-Ifẹ̀, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o rí fídíò bàálù ológun Amẹ́ríkà tó sáré kọjá rọ́nwéè bọ́ sómi ní Hawaii, kí ló dé tó fi gbà wọ́n ní ọjọ́ méjìlá kí wọ́n tó gbé e jáde. O tún ní bọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n rẹ wà nínú odò Ọ̀pa, pé omi ò dé orúnkún, ṣé kí ẹ pe kéréènì lọ́la. Nígbà tí mo ka "omi ò dé orúnkún" yẹn, àyà mi já. Iléṣà ni mo wà, ohun tí ojú mi rí lórí típà mi ni màá fi dá ọ lóhùn.

Bàálù yẹn, P-8A Poseidon ni, ara Boeing 737 ni wọ́n ti ṣe é. Ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni, òjò ń rọ̀. Bí omi bá wà lójú rọ́nwéè, ó lè gbé táyà kúrò nílẹ̀, bíréèkì ò ní rí nǹkan dì mú mọ́, bẹ́ẹ̀ omi òkun Kaneohe ló wà níwájú. Ọpẹ́ ni pé àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán inú rẹ̀ jáde láìfarapa. Wàhálà wà nísàlẹ̀ omi: ẹ́ńjìnnì apá òsì jókòó sórí àpáta iyùn, táyà rẹ̀ rì sínú yanrìn òun òkúta. Ẹni bá fi ipá fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, á ya á ni.

Èmi ti rí èyí tó ya. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, típà mi ru òkúta wẹ́wẹ́, bíréèkì kọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà oko, ó yà kúrò lẹ́bàá afárá, ó wọ odò. Dírẹ́bà mi yè. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí i bí omi ṣe kéré tó, mo ní kí ilẹ̀ tó ṣú a ti wà nílé. Àwọn awagóòlù ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ lókè odò náà láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ẹrẹ̀ wọn ló wá sùn síbẹ̀. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo rì dé itan.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù. Ìwé ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wọ́n ní bí ọkọ̀ ò bá kúrò kí oòrùn tó wọ̀, màá sanwó ìtanràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé lítà dísẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà nínú táńkì. Àwọn náà ló mú oníkéréènì wá, wọ́n ní ẹ̀ńjíníà ni. Ẹ̀ńjíníà yìí dúró sórí afárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàtà rẹ̀ ò kan omi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ òkúta yìí kalẹ̀, ká wa ẹrẹ̀ ìdí táyà." Ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun níṣẹ́. Ṣéènì lẹ́yìn, wọ́n fà á, kò mira. Wọ́n tún fà á, mo gbọ́ "gbàà!" Ara ọkọ̀ ń bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró sínú ẹrẹ̀. Òkúta la táńkì. Dísẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú omi.

Nísàlẹ̀ odò, àwọn ìyá rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú síbẹ̀. Ìyá àgbà kan gbé àpò tirẹ̀ wá bá mi, omi ń kán tótó lára rẹ̀. Ó tú u, ó fi ẹ̀gẹ́ rírọ̀ kan sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbóòórùn ẹ̀." Kò bú mi. Dísẹ́ẹ̀lì ń rùn lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ kejì. Àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́fà ni mo san owó rẹ̀, ó sì tọ́ kí n san án. Oníkéréènì gba owó tirẹ̀ pé, àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù ti lọ.

Bàbá agégẹdú kan ló yọ ọkọ̀ náà. Ó wọ omi fúnra rẹ̀, ó ń fi igi gún ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. A fi páànù kó òkúta kúrò, a wa ẹrẹ̀, a tẹ́ pákó. Ó ti túùbù táyà katakata sábẹ́ ṣááṣì, fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ọkọ̀ bá dìde díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pariwo nígbà tí mo rí ti Hawaii. Àwọn ológun náà gbé ọ̀rọ̀ kéréènì yẹ̀ wò o, àpò afẹ́fẹ́ ni wọ́n padà lò. Wọ́n kọ́kọ́ fa epo inú rẹ̀, nǹkan bí 2,000 gálọ́ọ̀nù. Àwọn òmùwẹ̀ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n ti àpò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì yí i padà sórí rọ́nwéè lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá.

Ẹ jọ̀ọ́, bí okùn wáyà bá ti le, kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́bàá rẹ̀. Bó bá já, ó lè gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì yẹn. Bí omi bá ti wọ ẹ́ńjìnnì, bí ẹ bá sitáàtì rẹ̀ lẹ ba á jẹ́. Ẹ tú bátìrì, ẹ fa epo inú táńkì sí kẹ́ẹ̀gì lónìí. Ní ti kéréènì, ó di ìgbà tí ẹ bá ti fi igi wọn ẹrẹ̀ ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí oníkéréènì bá dé tó kọ̀ láti wọ omi wò ó, ẹ san owó epo tó fi wá, kí ó máa lọ.