Èsì: Ọmọ adìyẹ tí kò lè dìde

Ẹ kú àmójútó o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ọmọ adìyẹ kan tó yọ látinú ẹyin lánàá kò lè dìde, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì sọ ìrètí nù.

Ẹ tètè yọ ọ́ sínú páálí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó ṣì máa gbọ́ ohùn wọn. Ooru ló ṣe pàtàkì jù, nǹkan bíi 35°C. Òtútù ìlú Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tiyín yẹn kò ṣeé fojú kéré lóru. Bó bá jẹ́ ìkòkò èédú lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọlé.

Oúnjẹ kò tíì kán an lójú. Pupa ẹyin tó gbé wá nínú ikùn lè gbé e dé ọjọ́ 2 sí 3. Ẹ po ṣúgà díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ ti àgógó ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí i lọ́fun rárá. Bí mo ṣe pàdánù tèmi nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an.

Ṣé ìwé ìròyìn lẹ tẹ́ síbẹ̀? Ó máa ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì yà. Ẹ fi aṣọ ìnura àlòkù rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti ń sáré kiri, ẹ dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.