Fáírọ́ọ̀sì tí a pa tó tún ń jí: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn forí sọ: kọ̀ǹpútà ilé kó fáírọ́ọ̀sì, wọ́n pa á, ó tún jí. A ṣa márùn-ún nínú wọn. Windows 10 àti 11 ni ìdáhùn wa dá lé, torí òun ni àwọn tó kọ̀wé ń lò. A fi orúkọ bọ́tìnì sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa bá a lójú kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojoojúmọ́ ni Windows Security, agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tó ń bá Windows wá, ń sọ fún mi pé òun ti rí fáírọ́ọ̀sì, òun sì ti yọ ọ́ kúrò. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, orúkọ kan náà ló máa gbé wá. Fáànù kọ̀ǹpútà ń pariwo láìsinmi, ṣùgbọ́n kété tí mo bá ti ṣí Task Manager, ariwo á rọlẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú. Ẹ ò ṣe nǹkan kan tí kò tọ́. Ewé ni Windows Security ń já, gbòǹgbò ṣì wà nínú ilẹ̀. Fáìlì tó ń yọ lójoojúmọ́ kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Nǹkan mìíràn ló wà níkọ̀kọ̀ tó ń dá a padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ti fáànù yẹn, ó jọ ètò tó ń fi kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni wa owó kírípítò. Ó ń jẹ iná yín, èrè rẹ̀ ń lọ sápò ẹlòmíì. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó lúgọ bí wọ́n bá ti ṣí Task Manager, torí ibẹ̀ ni gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ ti ń hàn.

Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Check for updates kó lè gba àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì tuntun. Ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ gba Autoruns, ètò tó ń fi gbogbo ohun tó ń bá Windows tan hàn, èyí tí Microsoft fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, sórí fíláàṣì òfìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ pa Wi-Fi tàbí kí ẹ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ. Ẹ má fojú kékeré wo èyí: bí ẹ bá pa ọ̀kan nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà, èyí tó kù á kàn lọ mú òmíràn wá ni.

Lójú ewé Virus & threat protection yẹn náà, ẹ tẹ Manage settings, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Ibẹ̀ la ti ń sọ fún Windows Security pé kó má wo fódà báyìí-báyìí, fáírọ́ọ̀sì tó gbọ́n sì máa ń kọ orúkọ ilé ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí fódà kan nínú AppData (ibi tí àwọn ètò ń kó nǹkan wọn sí) níbẹ̀, tàbí odindi C:\ pàápàá, tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Remove. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, ẹ lè yẹ kọ̀ǹpútà náà wò lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ó wá kan ìyẹ̀wò gan-an. Quick scan kò tó. Ẹ wọ Scan options, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ offline scan sí, ẹ tẹ Scan now. Kọ̀ǹpútà á kú, á tún tàn, á sì yẹ ara rẹ̀ wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí Windows tó jí. Fáírọ́ọ̀sì tí kò tíì jí kò lè sá pamọ́, kò sì lè di fáìlì rẹ̀ mú pé kí wọ́n má pa á rẹ́. Ẹ wo èsì rẹ̀ ní Protection history.

Gbòǹgbò ló kù. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ Autoruns, ẹ yan Run as administrator. Gbogbo ohun tó ń tan ara rẹ̀ pẹ̀lú Windows ló máa tò sílẹ̀, wọ́n sì pọ̀ débi tó lè dẹ́rù bani. Ẹ yan Hide Microsoft Entries nínú Options kí wọ́n lè dín kù. Ẹ wo abẹ́ Logon. Èyí tó bá ń gbé inú AppData\Roaming, Temp tàbí ProgramData, tí kò sì ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, ẹ yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀, ẹ má tíì pa á rẹ́. Bó bá wá jẹ́ ohun tó wúlò, àmì náà lẹ kàn máa dá padà.

Hide Microsoft Entries yẹn ní àléébù kan. Ti Microsoft ni powershell.exe àti wscript.exe, àwọn ètò tó ń mú àṣẹ tí wọ́n bá kọ fún wọn ṣẹ, nítorí náà ó lè kà wọ́n mọ́ àwọn ẹni rere, kó fi wọ́n pamọ́. Ẹ fi ojú ara yín wo Task Scheduler náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe fúnra rẹ̀: ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ taskschd.msc, ẹ tẹ Task Scheduler Library. Ẹ máa mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo Actions rẹ̀ nísàlẹ̀. Orúkọ lè tan yín, Actions kì í sábà tan ni. Ẹ lè bá èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní System Update, àmọ́ tí Actions rẹ̀ jẹ́ powershell.exe -w hidden -enc, tí lẹ́tà tí kò nítumọ̀ wá tò tẹ̀ lé e lọ rẹrẹẹrẹ. Ohun tí -w hidden ń sọ ni pé kí fèrèsé má hàn lójú ẹni tó ni ẹ̀rọ. -Enc ní tirẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti pa àṣẹ náà láró kí èèyàn má bàa lè kà á. Ètò tó mọ́ kì í sábà nílò méjèèjì pa pọ̀. Ẹ tẹ Disable. Bí kọ̀ǹpútà bá lo ọjọ́ méjì láìsí wàhálà, kí ẹ tó Delete.

Èyí tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ kúrò, Safe Mode ló kù fún un, níbi tí Windows ti ń tan pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan: ẹ di Shift mú kí ẹ tẹ Restart, ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ 4, kí ẹ sì yọ ọ́ níbẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa) yín, nọ́ńbà 48 tí wọ́n tò tẹ̀léra, nínú àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà lè béèrè rẹ̀ lójijì, ẹni tí kò bá sì ní in, ìta ló máa wà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó dá íntánẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ fi Malwarebytes tàbí ESET Online Scanner tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fi ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ pé kí wọ́n jọ máa ṣọ́ ilé o; wọ́n á máa fura síra wọn, kọ̀ǹpútà á sì máa falẹ̀.

Kí ẹ tó dìde, ẹ wo fódà Downloads. Ètò olówó ńlá tí ẹnì kan fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ló sábà ń gbé irú èyí wá: fáìlì zip tó ní páásíwọ́ọ̀dù, tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí ẹ pa agbógunti-fáírọ́ọ̀sì ná. Kì í ṣe torí àṣírí ni wọ́n ṣe fi páásíwọ́ọ̀dù sí i. Wọn ò fẹ́ kí Windows Security lè wo inú rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ìkìlọ̀ kan ń yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà màmá mi pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún wà níbẹ̀, kí wọ́n pe nọ́ńbà kan kíákíá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan kan.

Ìdáhùn: Kò rí nǹkan kan torí kò sí nǹkan kan. Màmá ti tẹ Allow níbì kan nígbà tí ojú ewé kan béèrè bóyá òun lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Ojú ewé náà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Windows. Ẹ wo ìkìlọ̀ náà dáadáa, ẹ máa rí àdírẹ́sì rẹ̀ ní lẹ́tà kóńkó. Nínú Chrome, ẹ wọ Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications, kí ẹ yọ gbogbo àdírẹ́sì tí màmá ò mọ̀. Nínú Edge, ẹ kọ notifications sínú àpótí ìwákiri Settings. Ti nọ́ńbà fóònù, Microsoft kì í kọ nọ́ńbà sínú ìkìlọ̀ rẹ̀ rárá. Bí màmá bá ti pe nọ́ńbà náà, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó gbé e wọ kọ̀ǹpútà náà láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ojú ewé kan ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí: kí n tẹ Windows àti R, kí n tẹ Ctrl àti V, kí n tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan yọ fìrí, ó sì lọ. Ìyẹ̀wò ní gbogbo nǹkan mọ́. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ tún tẹ Windows àti R. Ohun tí ẹ lẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì lè wà nínú àpótí yẹn. Ẹ má tẹ Enter, ẹ kà á. Bí ẹ bá rí mshta tàbí powershell àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan, àṣẹ lẹ fi ọwọ́ ara yín fún un pé kó lọ gbé ètò wá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kó páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi pamọ́ sínú Chrome tàbí Edge, á kó àwọn kúkì pẹ̀lú, á fi ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ilé lè mọ́ lóòótọ́, kẹ́rù sì ti lọ.

Kúkì ló burú jù. Òun ni ẹ̀rí pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní in kò nílò páásíwọ́ọ̀dù, kò sì nílò kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn, ẹ má lo èyí. Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, torí ibẹ̀ ni gbogbo àkáǹtì yòókù ń fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ sí; ẹ sì yan kó jáde kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ, òun ló ń sọ kúkì tí wọ́n jí di asán. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi nọ́ńbà mìíràn sí i, tàbí wọ́n ti ṣètò pé kí lẹ́tà yín máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ló kan báńkì, kó tó kan ìyókù.

Kọ̀ǹpútà yẹn, ní tiwa, ẹ nù ún pátápátá. Ẹ fi ẹ̀rọ tó mọ́ lo Media Creation Tool ti Microsoft lórí fíláàṣì tó tó 8 GB, ẹ fi í tan kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ pa gbogbo ìpín orí dísìkì rẹ́ kí ẹ tó gbé Windows tuntun sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé àti fọ́tò yín jáde, ẹ má kó ètò kankan. Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ yan I don't have a product key. Windows tó ti ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ á dá ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Gbogbo fọ́tò mi ti ní orúkọ àjèjì nídìí, wọn ò ṣí mọ́. Ìwé kan ní kí n sanwó. Bí mo bá yọ fáírọ́ọ̀sì náà, ṣé wọ́n á padà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọn ò ní padà. Lílé ẹni tó ti ilẹ̀kùn lọ kò ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ dísìkì ìta tó bá wà lára rẹ̀, ẹ má sì pa ìwé tó ní kí ẹ sanwó yẹn rẹ́. Ẹ lọ sí nomoreransom.org láti orí ẹ̀rọ mìíràn. Ọlọ́pàá Netherlands, Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù) àti àwọn ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ló dá a sílẹ̀ ní 2016. Ẹ fi fáìlì méjì tó ti bàjẹ́ àti ìwé náà hàn wọ́n, á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, á sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ kó àwọn fáìlì náà sórí dísìkì kan kí ẹ tọ́jú wọn, torí kọ́kọ́rọ́ máa ń jáde nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ba àwọn ọ̀daràn náà. A ò gbà yín níyànjú láti sanwó: ẹni tó gbowó lè má fún yín ní nǹkan kan.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì mi ti di shortcut. Ṣé ó ti pa wọ́n rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ má tẹ shortcut kankan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ ọ̀kan, ẹ yan Properties, ẹ wo Target: ẹ máa bá cmd.exe tàbí wscript.exe níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ fáìlì kan tó parí sí .vbs tàbí .js. Fáìlì yẹn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì, shortcut sì ni ìjẹ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kọ̀ǹpútà bí a ṣe wí lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún kó o. Bí fíláàṣì bá jẹ́ E:, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ kọ èyí, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àwọn fáìlì yín á hàn, nígbà mìíràn nínú fódà tí kò ní orúkọ. Ẹ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ wá Format fíláàṣì náà.