Ṣíṣa ọta fún ráífù .22: ohun tí ìgbà òtútù méjì fi yé mi

Arákùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-àṣẹ ráífù .22 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé bí òun bá ń wọn ọta lórí òṣùwọ̀n, tí òun sì ń fi irinṣẹ́ tún orí òjé rẹ̀ ṣe, ṣé ihò ọta òun yóò túbọ̀ súnmọ́ ara wọn ní 50 mítà. Ìgbà òtútù méjì gbáko ni mo fi ṣe ohun tí ẹ ń gbèrò yìí ní pápá ẹgbẹ́ ayinbọn wa, nítorí náà mo lè sọ ibi tí ó ti lérè àti ibi tí owó mi ti ṣòfò.

Kátíríìjì .22 Long Rifle, ìyẹn odindi ọta pẹ̀lú òjé, idẹ àti ẹ̀tù rẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1880, kì í ní ìṣáná láàrin ìdí bíi ti àwọn ìbọn ńlá. Inú etí ìdí rẹ̀ yípo ni èròjà tí ń ṣáná wà, abẹ́rẹ́ ìbọn ni ó sì ń gbá etí náà kí iná tó ran ẹ̀tù. Bàbá bàbá mi, tí ó ṣe ọdẹ ní Òkè-Ògùn, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀tù sí ṣakabùlà, ó sì mọ iye tí òun bù. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti bu ẹ̀tù, ó ti fi òjé dé e pa, ohun tí ó kù fún wa kò ju kí á ṣa èyí tí ó jọra lọ.

Ìdí tí ìjọra fi ṣe pàtàkì ni pé òrùka máàkì mẹ́wàá lórí pátákó 50 mítà ti ISSF, àjọ àgbáyé fún ìdíje ìbọn yíyìn, kò fẹ̀ ju 10.4 mílímítà lọ. Ọta ìdíje máa ń jáde ní nǹkan bí 330 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìyára ohùn. Bí ọ̀kan bá fi mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yára ju èkejì lọ, nǹkan bí mílímítà 7 ni ìyàtọ̀ gíga wọn yóò jẹ́ lórí pátákó, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òrùka kan. Ní 100 mítà, ó tó nǹkan bí mílímítà 30.

Òṣùwọ̀n ni mo kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀lé. Mo wọn 500 kátíríìjì olówó pọ́ọ́kú, mo sì pín wọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé nínú nǹkan bí 3.3 gíráàmù tí odindi kátíríìjì wọ̀n, òjé nìkan kó 2.6, idẹ ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù, ẹ̀tù kò sì ju nǹkan bí 0.1 lọ. Nítorí náà, bí òṣùwọ̀n bá fi ìyàtọ̀ hàn, ó lè jẹ́ ti òjé tàbí ti idẹ, ti ẹ̀tù tí à ń wá gan-an yóò sì sá pamọ́ sábẹ́ wọn. Mọ́kànlá péré ni mo rí tí ìwọ̀n wọn yapa gidigidi. Mo yìn wọ́n lọ́tọ̀, mẹ́rin nínú wọn sì jìnnà sí àárín. Àwọn yòókù kò fi ìsọ̀rí tí mo pín wọn sí hàn rárá.

Wíwọn bí etí ìdí kátíríìjì ṣe nípọn tó sàn jù ú lọ. Bí etí bá tín-ín-rín jù, kátíríìjì kò ní dúró gbọn-in nínú ìbọn, agbára abẹ́rẹ́ yóò sì dín kù kí ó tó dá iná. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ọta márùn-ún tí etí wọn dọ́gba kó ara wọn jọ sínú mílímítà 9, inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìsọ̀rí kan náà fọ́n dé mílímítà 22. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba ìdánwò kankan gbọ́ bí kò bá tó márùn-ún márùn-ún lọ́nà mẹ́wàá. Nígbà tí mo ṣe é bẹ́ẹ̀, ọta olówó pọ́ọ́kú bọ́ láti mílímítà 24 sí 20 ní ìṣirò àárín. Ọta ìdíje kò yí padà rárá, nítorí pé etí wọn ti dọ́gba láti ilé-iṣẹ́.

Ní ti títún ọta ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti nu ìda ara òjé kúrò rí kí n lè fi ọ̀rá mìíràn pa á; òjé lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ó sì gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ odindi láti há a kúrò. Irinṣẹ́ tí ń tẹ orí òjé léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: kátíríìjì tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ ni ẹ óò máa fi agbára tẹ̀, bí ìdí rẹ̀ bá sì gba ìfúnpá, etí náà ni yóò gbà á, ibẹ̀ ni èròjà ìṣáná wà. Ojú àti ìka kò ní pààrọ̀.

Ohun tí ó yí ìbọn mi padà ni wíwá ọ̀wọ́ ọta (àwọn tí ilé-iṣẹ́ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fi nọ́ńbà kan náà sí) tí ọ̀pá rẹ̀ fẹ́. Mo ra páálí kọ̀ọ̀kan láti inú ọ̀wọ́ mẹ́fà. Méjì nínú wọn jẹ́ orúkọ kan náà àti owó kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan fún mi ní mílímítà 13, èkejì 21. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ọta, ẹ kọ́kọ́ yin nǹkan bí ogún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí ìda ti àtijọ́ ṣì wà nínú ọ̀pá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọta Eley ní Birmingham àti Lapua ní Schönebeck, ilẹ̀ Jámánì, ní ibi tí ènìyàn lè gbé ìbọn rẹ̀ lọ kí wọ́n bá a dán ọ̀wọ́ púpọ̀ wò. Bí ẹ bá rí èyí tí ó bá tiyín mu, ẹ ra iye tí ìwé-àṣẹ yín gbà kí ẹ ní nílé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ju páálí nù. Èmi kò kọ ti ọ̀wọ́ tí ó dára jù lọ tí mo rí ní ọdún àkọ́kọ́, n kò sì tún rí i rà títí di òní.